Nọ́ńbà gígùn, páwà gígùn, mod: kóòdù mi ò parí láti ìrọ̀lẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọka · Ọjọ́ Ẹtì, 11:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Olùkọ́ wa fún wa ní nọ́ńbà mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó 600 díjíìtì. Ó ní ká gbé àkọ́kọ́ sí páwà èkejì, ká fi ẹ̀kẹta pín in, ká sọ iye tó ṣẹ́kù, èyí tí wọ́n ń pè ní mod. Nínú kóòdù mi, `ipile` ni àkọ́kọ́, `pawa` ni èkejì, `m` ni ẹ̀kẹta. Ọjọ́ Ajé la máa fi sílẹ̀, ní Python àti ní Java.

Mo kọ ti Python báyìí:

```
abajade = ipile ** pawa % m
```

Tí mo bá fi nọ́ńbà kékeré dán an wò, kíá ni ìdáhùn ń jáde, ó sì ń tọ̀nà. Nígbà tí mo fi nọ́ńbà olùkọ́ sí i, laptop mi dákẹ́. Kò sọ pé error wà, kò sì mú ìdáhùn wá. Fáànù inú rẹ̀ ṣáà ń ké, ìdí rẹ̀ gbóná débi pé mi ò lè gbé e lé itan mọ́. Láti aago mẹ́jọ ni mo ti fi sílẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, wọ́n mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò wa ní Bàrígà, bátìrì náà ò sì pẹ́ kó tó kú.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lo lúùpù, kí n máa fi ìpìlẹ̀ lọ́nà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sì máa yọ m kúrò bí mo ṣe ń lọ. Ìyẹn náà ò parí. Ṣé laptop mi ni kò lágbára tó ni, àbí kóòdù mi ló burú?

Bọ̀ọ̀dá Yaba · 12:05 òru

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Laptop rẹ ò jẹ̀bi rárá. Kò sí kọ̀ǹpútà láyé yìí tó lè parí ohun tí o ní kó ṣe.

Bí o ṣe kọ ọ́ yẹn, Python á kọ́kọ́ ṣe `ipile ** pawa` tán, á kó gbogbo rẹ̀ sínú mẹ́mọ́rì, kó tó wá rántí m. Wo `7 ** 1000000`. Páwà yẹn ò ju díjíìtì méje lọ, síbẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ gùn tó 845,099 díjíìtì. Tìrẹ ńkọ́, tí páwà fúnra rẹ̀ jẹ́ 600 díjíìtì? Kì í ṣe ìdáhùn nìkan ló máa gùn o. Tá a bá ní ká kọ *iye* díjíìtì tó wà nínú ìdáhùn náà sílẹ̀, iye yẹn fúnra rẹ̀ á gùn ju 600 díjíìtì lọ. Kó gbogbo kọ̀ǹpútà Ìkẹjà jọ, kó ti Ọjà Aláàbà mọ́ ọn, mẹ́mọ́rì wọn ò ní gbà á.

Python ti ní ọ̀nà tirẹ̀:

```
abajade = pow(ipile, pawa, m)
```

Nọ́ńbà mẹ́ta ni kó o fún `pow`, kì í ṣe méjì. Pẹ̀lú nọ́ńbà 600 díjíìtì, kó o tó ṣẹ́jú ó ti dáhùn. Má ṣe lo `math.pow` o. Ìyẹn ń lo nọ́ńbà oní-pọ́ìntì, bí odidi nọ́ńbà bá sì ti kọjá 2 páwà 53, kò lè dì í mú pérépéré mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọka · 12:11 òru

Ẹ ṣeun gan-an, bọ̀ọ̀dá. Mo ti ń lo bátìrì fóònù báyìí. Ìṣòro tó kù ni pé olùkọ́ ní ká kọ ọ́ fúnra wa. Ó ní a lè lo `pow` láti yẹ ìdáhùn wò, ṣùgbọ́n ká má fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Kí ló wá dé tí lúùpù ọ̀rẹ́ mi náà ò parí, nígbà tó ń yọ m kúrò ní gbogbo ìgbà?

Olùkọ́ Sùúrùlérè · 5:50 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára èyí tí mo fẹ́ràn jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í díẹ̀.

Ọmọ mi, àìsàn méjì ló ń ṣe kóòdù rẹ, ọ̀tọ̀ sì ni oògùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, nọ́ńbà náà ń wú. Èkejì, ìgbésẹ̀ náà pọ̀ jù. Ọ̀rẹ́ rẹ wo àkọ́kọ́ sàn, ó fi èkejì sílẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ò wú mọ́, ṣùgbọ́n lúùpù rẹ̀ ṣì ń ka páwà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, páwà tó sì gùn tó 600 díjíìtì, ọjọ́ ayé ò tó láti kà á tán.

Ti àkọ́kọ́ ná. Kí ló dé tá a fi lè máa yọ m kúrò lágbede méjì láìba ìdáhùn jẹ́? Fojú inú wo ibùdókọ̀ Ojúẹlẹ́gba láàárọ̀. Ká ní dánfó kọ̀ọ̀kan ń kó èèyàn 14. Èèyàn 100 ló dúró: dánfó méje á kún, wọ́n á lọ, èèyàn 2 á ṣẹ́kù. Ká wá ní ibùdókọ̀ mẹ́ta ló rí bẹ́ẹ̀, 100, 100, 100. Bí o bá kó gbogbo wọn jọ, 300 ni wọ́n, dánfó 21 á kó 294 lọ, 6 á ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n o ò nílò láti ka 300 rárá. Ẹni 2 tó ṣẹ́kù ní ibùdókọ̀ kan, lọ́nà 3, ó di 6. Ẹni tó ti bá mọ́tò lọ ti lọ, kò lè yí iye àwọn tó ṣẹ́kù padà.

Bí o bá fẹ́ ẹ̀rí rẹ̀ lórí ìwé: kọ a gẹ́gẹ́ bí km + r, kó o kọ b gẹ́gẹ́ bí jm + s. Fi a lọ́nà b. Gbogbo apá tí m wà nínú rẹ̀ á bá mọ́tò lọ, r lọ́nà s nìkan ló máa dúró sílẹ̀.

Ó wá ku àìsàn kejì. Mú 7 páwà 13, mod 11. Má ka 13 ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kí o máa fi nọ́ńbà lọ́nà ara rẹ̀, èyí tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní square, kí o sì máa yọ 11 kúrò:

páwà 1: 7
páwà 2: 7 lọ́nà 7 jẹ́ 49, yọ 44, ó ku 5
páwà 4: 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25, yọ 22, ó ku 3
páwà 8: 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9

Wò ó, ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ló gbé wa dé páwà 8. 13 sì jẹ́ 8 + 4 + 1. Nítorí náà mú ti 8, ti 4 àti ti 1: 9 lọ́nà 3 jẹ́ 27, ó ku 5, 5 lọ́nà 7 jẹ́ 35, ó ku 2. Ìdáhùn ni 2. Bí o bá gba ọ̀nà gbọọrọ, 7 páwà 13 jẹ́ 96,889,010,407, wàá tún wá máa fi 11 pín ìyẹn. Lọ́nà tiwa, nọ́ńbà tó tóbi jù tọ́wọ́ wa kàn ni 49.

Báwo la ṣe mọ̀ pé 8, 4 àti 1 la máa mú? Kọ 13 ní báínárì, ìyẹn kíkọ nọ́ńbà pẹ̀lú 0 àti 1 nìkan: 1101. Ọ̀kọ̀ọ̀kan 0 tàbí 1 yẹn là ń pè ní bíìtì. Ibi tí 1 bá wà, a mú un. Ibi tí 0 bá wà, a fò ó. Kọ̀ǹpútà ò tilẹ̀ nílò láti yí i padà, báínárì náà ló fi ń tọ́jú nọ́ńbà tẹ́lẹ̀.

```
def pawa_mod(ipile, pawa, m):
    abajade = 1 % m
    ipile = ipile % m
    while pawa > 0:
        if pawa & 1:                       # bíìtì ìparí jẹ́ 1
            abajade = abajade * ipile % m
        ipile = ipile * ipile % m
        pawa = pawa >> 1                   # ju bíìtì ìparí nù
    return abajade
```

Páwà rẹ tó gùn tó 600 díjíìtì jẹ́ nǹkan bí 2,000 bíìtì. Ìyẹn ni pé square bíi 2,000, àti ìsọdipúpọ̀ mìíràn tí yóò wà ní àyíká 1,000, nítorí bíi ìdajì bíìtì ló sábà máa ń jẹ́ 1. Kò sí èyí tí laptop rẹ ò lè ṣe níbẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọka · 7:20 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọ̀rọ̀ dánfó yẹn là mí lójú, mo kọ 7 páwà 13 sórí ìwé, mo sì rí 2. Iná ò tíì dé, àmọ́ mo fẹ́ lọ jókòó sílé ọ̀rẹ́ mi tó ní jẹnẹrétọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìbéèrè kékeré kan. `long` ti Java kì í gbà ju díjíìtì 19 lọ. Báwo wá ni Python ṣe ń gba 600?

Olùkọ́ Sùúrùlérè · 7:48 àárọ̀

Ìbéèrè kékeré kọ́ nìyẹn. Rántí bí àwọn bàbá wa ṣe ń ka owó ẹyọ. Wọ́n á sín 40 sórí okùn kan. Okùn 50 di ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Kò sẹ́ni tó ń tú ọ̀kẹ́ ká láti ka owó ẹyọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kẹ́ mélòó, okùn mélòó, ẹyọ mélòó ni wọ́n ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni Python ṣe ń ṣe. Ó pín nọ́ńbà gígùn sí ìdì, ìdì kọ̀ọ̀kan gba 30 bíìtì lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní, ó wá tò wọ́n tẹ̀ léra. Bí nọ́ńbà bá tún gùn sí i, ó fi ìdì mìíràn kún un. Mẹ́mọ́rì nìkan ló lè dá a dúró. `BigInteger` ti Java náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdì wọ̀nyí kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Bí o bá fi nọ́ńbà oní-ìdì 70 lọ́nà òmíràn oní-ìdì 70 bí a ṣe kọ́ yín nílé ìwé, ìdì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pàdé ìdì kọ̀ọ̀kan, 4,900 ìpàdé. Sọ gígùn wọn di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tó ń wú fi léwu: kì í ṣe mẹ́mọ́rì nìkan ló ń jẹ, gbogbo ìsọdipúpọ̀ tó bá tẹ̀ lé e á máa wúwo sí i. Ní 1960, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Anatoly Karatsuba rí i pé a lè fi ìsọdipúpọ̀ mẹ́ta ṣe ibi tí gbogbo èèyàn ti ń lo mẹ́rin. Python ń lo ọgbọ́n rẹ̀ títí dòní nígbà tí nọ́ńbà bá gùn.

Àǹtí Broad Street · 9:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Java, torí ibẹ̀ ni mo ti jìyà.

Níbi iṣẹ́ kan tí mo wà nígbà kan, mo kọ irú lúùpù yìí gan-an. Ìdáhùn tó ń jáde ò tọ̀nà rí. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá a. Mo tẹ gbogbo nǹkan jáde, mo yẹ páwà wò, mo yẹ m wò, kò sí èyí tó burú. Ìlà kan ṣoṣo ni:

```
ipile.multiply(ipile).mod(m);
```

Àbúrò, ṣé o rí i? `BigInteger` kì í yí padà. Tí o bá ní kó sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, nọ́ńbà tuntun ló máa bí fún ẹ, ti tẹ́lẹ̀ á wà bó ṣe wà. Èmi ò gba ọmọ tuntun yẹn mú, ó sì sọnù. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

```
BigInteger abajade = BigInteger.ONE.mod(m);
ipile = ipile.mod(m);
for (int i = 0; i < pawa.bitLength(); i++) {
    if (pawa.testBit(i))
        abajade = abajade.multiply(ipile).mod(m);
    ipile = ipile.multiply(ipile).mod(m);
}
```

Nǹkan mìíràn tó yẹ kó o mọ̀: nọ́ńbà 600 díjíìtì ò ṣe é kọ sínú Java lásán. Inú string, ìyẹn ọ̀rọ̀ tá a fi àmì yí ká, ni kó o ti kà á, `new BigInteger("...")`. Lo `equals` láti fi méjì wéra, má lo `==`. Lo `mod`, má lo `remainder`, torí `remainder` lè fún ẹ ní nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ òdo. Má sì ṣe rò pé `^` ni páwà. Ní Java, `7 ^ 2` jẹ́ 5, nítorí pé bíìtì ló ń fi wéra. Ní Python náà bẹ́ẹ̀ ni.

Láti yẹ iṣẹ́ rẹ wò, `ipile.modPow(pawa, m)` ti wà níbẹ̀.

Ọmọ Mushin · 10:02 àárọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ ṣe ń wá wàhálà báyìí? Bí ìpìlẹ̀ ṣe ṣe é fi m gé kúrú, ẹ fi m gé páwà náà kúrú. `pawa = pawa % m`, ó tán. Nọ́ńbà kékeré lẹ máa wá bá ṣiṣẹ́.

Olùkọ́ Sùúrùlérè · 10:20 àárọ̀

Ọmọ Mushin, o ṣeun tó o dá sí i, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ lé ìyẹn o. Dán an wò pẹ̀lú 2 páwà 10, mod 7. 1,024 ni 2 páwà 10, yọ 1,022, ó ku 2. Lọ́nà tìrẹ, 10 mod 7 jẹ́ 3, 2 páwà 3 jẹ́ 8, ó ku 1. Kò bára mu.

Ohun tó sún mọ́ ọn tó sì tọ̀nà ni ti onímọ̀ ìṣirò tó ń jẹ́ Fermat: bí m bá jẹ́ prime, ìyẹn nọ́ńbà tí ohunkóhun ò lè pín géérégé àfi 1 àti ara rẹ̀, tí m ò sì lè pín ìpìlẹ̀, o lè fi m − 1 gé páwà kúrú. Nínú àpẹẹrẹ wa, 10 mod 6 jẹ́ 4, 2 páwà 4 jẹ́ 16, ó ku 2. Ó bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ wa ò mọ̀ bóyá m rẹ̀ jẹ́ prime, kó máà gé e.

Ọmọ Mushin · 10:31 àárọ̀

Mo ti rí i sà. Ẹ ṣeun. Mo ti lo ọgbọ́n yẹn níbì kan rí, mo fẹ́ lọ yẹ ẹ́ wò báyìí.

Ọmọ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta · 12:40 ọ̀sán

JavaScript ni mo ń fi jẹun, ó sì ní ọ̀fìn tirẹ̀. Nọ́ńbà lásán níbẹ̀ ò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé tó bá ti kọjá 9007199254740991. Kò ní pariwo, á kàn fún ẹ ní irọ́. BigInt ni kó o lò, tó wọlé sínú èdè náà ní 2020, pẹ̀lú lẹ́tà n lẹ́yìn nọ́ńbà: `7n`. Kò ní modPow tirẹ̀, o máa kọ lúùpù Olùkọ́ yẹn fúnra rẹ, `1n`, `0n`, `>> 1n` níbi gbogbo, torí kì í gbà kó o pò ó pọ̀ mọ́ nọ́ńbà lásán.

Ibi tó ti mú èmi rèé. Mo kọ `BigInt(9007199254740993)`, mo rò pé mo ti bọ́. Ó fún mi ní `9007199254740992n`. Nọ́ńbà náà ti bàjẹ́ *kó tó* dé inú BigInt. Fi àmì string sí i, `BigInt("9007199254740993")`, á dúró pé. Bí ó bá sì di pé kó o fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí JSON, `JSON.stringify` á kọ̀ ọ́ tààrà, yí i sí string ná.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà · 1:18 ọ̀sán

Fún ẹni tó ń lo C++ fún ìdíje: `long long` tó fún mod 1000000007, nítorí irú nọ́ńbà méjì bẹ́ẹ̀ lọ́nà ara wọn á wà ní àyíká 10 páwà 18, àyè tó wà sì ju 9 lọ́nà 10 páwà 18 lọ. Bí m bá ti kọjá bíi bílíọ̀nù mẹ́ta, á ya dànù láìsọ fún ẹ. Lo `__int128` fún ìsọdipúpọ̀ nìkan, GCC àti Clang ní in. Tó bá jẹ́ ti 600 díjíìtì, GMP ni, library fún nọ́ńbà gígùn, `mpz_powm`. PHP ní `gmp_powm` àti `bcpowmod`, C# ní `BigInteger.ModPow`, Go ní `Exp` nínú `math/big`.

Bọ̀ọ̀dá Marina · 3:05 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ààbò orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi ní Erékùṣù, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sì ká mi lára gan-an: ìṣirò yìí ló wà nídìí owó tí ẹ ń fi fóònù ránṣẹ́. Diffie àti Hellman gbé bí a ṣe lè fi í pa àṣírí mọ́ jáde ní 1976. Ní 1977, Rivest, Shamir àti Adleman fi ṣe RSA, ọ̀nà kan láti pa ọ̀rọ̀ ní àrokò. Bí ẹ bá rí 65537 nínú kọ́kọ́rọ́, páwà ni. Wọ́n yàn án torí ó jẹ́ 2 páwà 16, fi 1 kún un: bíìtì méjì péré ló jẹ́ 1 nínú rẹ̀, square 16 àti ìsọdipúpọ̀ kan ló gbà.

Àbúrò, fi èyí yẹ kóòdù rẹ wò. 23 lọ́nà 29 jẹ́ 667. Pa 100 ní àrokò: 100 páwà 3, mod 667, wàá rí 167. Tú u: 167 páwà 411, mod 667, ó gbọ́dọ̀ padà di 100. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ 167 páwà 411 jáde ní kíkún, 914 díjíìtì ni.

Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ka èyí lẹ́yìn ọ̀la, ẹ má gbé lúùpù yìí lọ síbi tí owó èèyàn wà. Ẹ tún wo kóòdù Olùkọ́. Bí bíìtì bá jẹ́ 1, ó ṣe ìsọdipúpọ̀ kan lé. Bí ó bá jẹ́ 0, ó fò ó. Páwà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Ẹni tó bá lè ka àkókò rẹ̀ dáadáa lè máa fi mọ bíìtì kọ̀ọ̀kan. Paul Kocher ló fi èyí han aráyé ní 1996. Ìdí nìyẹn tí GMP fi ní `mpz_powm_sec` lọ́tọ̀, tí ìwé ìlò Go náà sì kìlọ̀ pé `Exp` kì í gba iye àkókò kan náà ní gbogbo ìgbà.

Àkókò nìkan kọ́. Bí ẹ bá fi páwà 3 pa 100 ní àrokò, tí m sì gùn tó 617 díjíìtì, 1,000,000 ló máa jáde, torí kò tíì tó m, mod ò rí nǹkan kan gé. Ọmọdé tó ní ẹ̀rọ ìṣirò lọ́wọ́ á tú u padà sí 100. Nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi nǹkan kún ọ̀rọ̀ kó tó wọlé. Library táwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti yẹ̀ wò, irú OpenSSL, ni kẹ́ ẹ lò. Fún nọ́ńbà àṣírí ní Python, `secrets` ni, kì í ṣe `random`.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọka · 8:33 alẹ́

Ẹ̀yin àgbà mi, iná dé ní aago márùn-ún. 100 di 167, 167 padà di 100. Mo fi nọ́ńbà olùkọ́ sí i, mo tẹ enter, ìdáhùn ti jáde kí ọwọ́ mi tó kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn gbogbo òru àná! Mo pe ọ̀rẹ́ mi wá wò ó.

Mo wá kọ nǹkan tó fi tèmi wé `pow` nígbà 1,000, pẹ̀lú nọ́ńbà oríṣiríṣi. Ẹyọ kan ò bára mu: ìpìlẹ̀ 5, páwà 0, m jẹ́ 1. Tèmi ní 1, `pow` ní 0. Bákan náà, mo fẹ́ rí `7 ** 1000000` tí Bọ̀ọ̀dá Yaba sọ, Python bínú, ó ní ValueError, ó ń dárúkọ 4300. Ṣé mo ti ba nǹkan jẹ́ ni?

Bọ̀ọ̀dá Yaba · 8:51 alẹ́

O ò ba nǹkan kan jẹ́. Nọ́ńbà náà wà nínú mẹ́mọ́rì pérépéré, títẹ̀ ẹ́ jáde ni Python kọ̀. Láti Python 3.11, kì í yí nọ́ńbà tó ju 4,300 díjíìtì lọ sí string àyàfi tí o bá fọwọ́ sí i, torí iṣẹ́ yẹn pọ̀, àwọn kan sì lè fi dá sáfà dúró. `sys.set_int_max_str_digits(0)` á ṣí i. Ìdáhùn iṣẹ́ rẹ ò lè ju 600 díjíìtì lọ, kò ní kàn ẹ́.

Ti m tó jẹ́ 1, wo ìlà àkọ́kọ́ nínú kóòdù Olùkọ́. Ṣé `abajade = 1` lo kọ?

Akẹ́kọ̀ọ́ Akọka · 8:58 alẹ́

Háà. Bẹ́ẹ̀ ni, bọ̀ọ̀dá. Mo rò pé `% m` ibẹ̀ ò wúlò, mo yọ ọ́. Nígbà tí páwà bá jẹ́ 0, lúùpù ò wọlé rárá, 1 yẹn ló ń jáde bó ṣe wà. Mo ti dá a padà. 1,000 nínú 1,000.

Ti Java ló kàn báyìí. Àǹtí, mo ti kọ `ipile =` síwájú ìlà yẹn kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn.

Àǹtí Broad Street · 9:04 alẹ́

Kọ `abajade =` náà, ọmọ mi. Bí ó bá ti jáde, gbé e síbí ká jọ wò ó, mi ò tíì sùn.